Ọwọ́ Tó Mọ Ọ̀pá

Ní Sainte-Radegonde, létí odò ńlá tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kì í sinmi, bí èèyàn bá fẹ́ ra ọ̀pá họ́kì tí wọ́n fi ń ṣeré lórí yìnyín, kì í bi ẹni tó ń tà á pé èwo ló dáa. Ohun tó máa ń bi í ni pé, "Kí ni Aurèle sọ nípa èyí?" Bí Aurèle bá ti ní ó dáa, ó parí. Bí ó bá ní kò dáa, ọ̀pá yẹn á fara ti ògiri títí eruku á fi bò ó.

Aurèle Bellefleur kì í ṣe olówó, kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló lò nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi igi ṣe ọ̀pá họ́kì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nídìí ẹ̀rọ tó ń fá igi. Ẹ̀rọ náà á máa gbọ̀n gìrìgìrì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, Aurèle náà á máa bá a gbọ̀n. Bí ó bá délé, tí Colombe ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà síwájú rẹ̀, ṣíbí á máa jó lọ́wọ́ rẹ̀.

"Sọ fún ẹ̀rọ yẹn kó máa dúró síbi iṣẹ́," Colombe á wí. "Èmi ò pè é wá jẹun."

Àwọn méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni.

Nígbà tó yá, ọ̀pá kábọ́ọ̀nù dé, ọ̀pá igi sì kógbá sílé. Okùn dúdú tó tín-ín-rín bí irun ni wọ́n fi hun èyí tuntun yìí, tí wọ́n fi gúlù líle dì í pọ̀. Inú rẹ̀ ṣófo bí ọparun, ó sì fúyẹ́ débi pé àwọn àgbà kọ́kọ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi gbá rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń lé lórí yìnyín, rọ́bà á ti wọnú àwọ̀n kí gólì tó mọ̀ pé ó kúrò nílẹ̀. Kò ju ọdún mẹ́rin lọ tí ilé iṣẹ́ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì fi ti ilẹ̀kùn. Wọ́n tú ẹ̀rọ Aurèle palẹ̀, wọ́n kó irin rẹ̀ lọ.

Ìyáàfin Lacasse, opó tó ń ta ohun eré ìdárayá lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá yìnyín, ló ránṣẹ́ sí i.

"Àwọn tó ń ṣe ọ̀pá yìí ti pọ̀ bí eṣú," ó ní. "Gbogbo wọn ló ń pariwo pé tàwọn ló dáa jù. Èmi ò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì. Ọ̀gbẹ́ni Bellefleur, ọwọ́ yín mọ ọ̀pá. Ẹ wá máa bá mi dán wọn wò."

Bí Aurèle ṣe rí iṣẹ́ tuntun nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday àti ọjọ́ Friday, kí àwọn ọmọ iléèwé tó gba pápá, òun àti Hervé Quessy á wọ bàtà onírin, wọ́n á bọ́ sórí yìnyín. Hervé yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré ni, apẹja tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń ṣe gólì. Òun náà ló ń kọ ohun tí Aurèle bá sọ sínú ìwé, nítorí ìwé tí Aurèle bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ẹsẹ̀ adìyẹ lórí ẹrẹ̀ sàn jù ú lọ.

"Kọ ọ́ sílẹ̀," Aurèle á wí. "Èyí, àárín ló ti ń tẹ̀. Ọ̀lẹ ni, ṣùgbọ́n tó bá jí, kí wọ́n yàgò fún un. Ẹni tó sanra ló wà fún."

Á gbá rọ́bà márùndínlógún. Á mú òmíràn.

"Ìsàlẹ̀ lèyí ti ń tẹ̀, nítòsí ẹsẹ̀ tó ń gbá rọ́bà. Ó yá bí ológbò. Ẹni tí wọn kì í fún láyè ló bá mu." Á tún mú ẹ̀kẹta. "Èyí ti kú. Ó gba rọ́bà, kò sọ fún mi pé òun gbà á."

"Ọ̀pá ń bá ẹ sọ̀rọ̀," Hervé á dáhùn látẹ̀yìn ìbojú rẹ̀. "Ìyàwó mi wà nílé, ogójì ọdún, mi ò tíì gbọ́ ohun tó ń sọ."

"O ò di ọwọ́ rẹ̀ mú ni."

Lẹ́yìn náà Ìyáàfin Lacasse á kọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sára páálí kéékèèké, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri lábẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Àwọn èèyàn ń ti àwọn abúlé tó jìnnà wá kà á.

Iṣẹ́ kan tún wà tí Aurèle kì í fò dá. Bí ó bá ti gbá rọ́bà tán, á fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀pá láti òkè dé ìsàlẹ̀, á tẹ ibi tó súnmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, á wá mì í díẹ̀. Bí igi bá là, ojú á rí i. Ṣùgbọ́n kábọ́ọ̀nù lè là nínú kí ara rẹ̀ ṣì máa dán bí awọ ejò. Ọwọ́ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀pá tí ọwọ́ Aurèle bá kọ̀, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló ń fi orúnkún ṣẹ́ ẹ sí méjì.

Ọdún keje iṣẹ́ yìí ni orí ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí àbẹ́là bí òtútù bá mú. Lẹ́yìn náà kò mọ bọ́tìnnì mọ́. Bí kò bá wo ọwọ́ rẹ̀, kò lè sọ bóyá bọ́tìnnì ti wọlé tàbí kò wọlé. Ó wá di ọjọ́ kan lórí yìnyín tí Hervé fi rọ́bà ránṣẹ́ sí i, tí rọ́bà ti dé orí ọ̀pá tó ti dúró, tí Aurèle ṣì ń retí rẹ̀.

Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Dókítà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, fi abẹ́rẹ́ gún ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ mọ èyí lára, bàbá?"

"Rárá."

"Èyí ńkọ́?"

"Ṣé ẹ ti gún un ni?"

Dókítà gbé abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fá igi ló mi iṣan ọwọ́ rẹ̀ títí iṣan fi kú, àti pé iṣan tó bá ti kú bẹ́ẹ̀ kì í padà. Nígbà tí Aurèle délé, ó sọ fún Colombe pé làkúrègbé ni.

Kí ló wá ṣe? Ó fi etí rọ́pò ọwọ́. Ó ń gbọ́ ìró rọ́bà lára ọ̀pá, ó ń wo bí ó ṣe ń fò, ó sì ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ ránṣọ bo ohun tí kò mọ̀. Ẹnì kankan ò fura. Ìyáàfin Lacasse ń lẹ páálí, àwọn èèyàn ń kà á, wọ́n ń mi orí.

Hervé nìkan ni ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Friday kan, ó gbé ọ̀pá kan tó ti fi téèpù funfun wé láti òkè délẹ̀ wá. Kò yani lẹ́nu, nítorí wọ́n máa ń bo orúkọ ọ̀pá kí ojú má baà tan ọwọ́ jẹ. Aurèle gbá rọ́bà tirẹ̀.

"Ọ̀lẹ ni. Àárín ló ti ń tẹ̀."

Hervé gba ọ̀pá, ó lọ sẹ́yìn àwọ̀n, ó gbé ọ̀pá funfun padà wá. Aurèle gbá.

"Èyí sàn. Ìsàlẹ̀ ni tiẹ̀. Ó yá."

Hervé tún lọ, ó tún bọ̀.

"Èyí ti kú," Aurèle ní. "Jù ú nù."

Hervé bọ́ ìbojú rẹ̀. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀, àbí omijé ni, kò ṣeé mọ̀ nínú òtútù.

"Aurèle. Ọ̀pá kan ṣoṣo ni."

Aurèle wo ọ̀pá náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀ nínú ìbọ̀wọ́, bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́.

"Láti ìgbà wo?" Hervé béèrè.

"Ó ti lé lọ́dún kan."

"Ife mímọ́!" Hervé fi ohun èlò pẹpẹ búra, bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń ṣe tí inú bá bí wọn, ó sì tún fi méjì míì tẹ̀ lé e. "O ò sì lè sọ fún mi? Èmi?"

"Tí mo bá sọ ọ́, kí ni mo tún jẹ́? Sọ fún mi, Hervé. Ta ni mo tún jẹ́ nílùú yìí?"

Hervé jókòó lórí yìnyín pẹ̀lú gbogbo ìhámọ́ra rẹ̀. Nígbà tó máa dìde, wọ́n ti fẹnu kò. Láti ọjọ́ náà lọ, Hervé náà á gbá rọ́bà mélòó kan, á sì sọ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ bá mọ̀ fún Aurèle. Aurèle á bá a wá ọ̀rọ̀ sí i, á sọ ọ́ níwájú Ìyáàfin Lacasse. Hervé ni yóò sì máa fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀pá níkẹyìn. Ọwọ́ apẹja ni ọwọ́ rẹ̀, ó yi, ó nípọn, kò dà bí ọwọ́ Aurèle ti àtijọ́, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Báyìí ni wọ́n ṣe lo ìgbà òtútù méjì.

Ní oṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, ibà dá Hervé dùbúlẹ̀. Ọ̀pá tuntun méjì dé. Aurèle lè sọ pé kí wọ́n dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Lacasse ní àwọn èèyàn ti ń béèrè. Aurèle nìkan bọ́ sórí yìnyín. Ó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gbá rọ́bà ní ọgọ́rin ìgbà, ju bí ó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ó rò pé bóyá bí òun bá gbá a púpọ̀, nǹkan kan á jí lọ́wọ́ òun. Nǹkan kan ò jí. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra ọ̀pá méjèèjì, ó gbé wọn kọ́ sára ògiri fún títà.

Ọ̀sán ọjọ́ Saturday ni Odile Castonguay wọ ilé ìtajà. Obìnrin yìí ló ń wa ọkọ̀ àwọn ọmọ iléèwé, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, kò sì sí ẹni tó ń gbá rọ́bà tó o nínú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìlú. Ọ̀pá tirẹ̀ ti ṣẹ́ lánàá níbi ìgbaradì, wọ́n sì máa gbéná wojú àwọn obìnrin Grande-Pointe lọ́jọ́ kejì.

"Bàbá Aurèle, méjì péré ló bá gíga mi mu níbí. Èwo ni kí n mú?"

"Ọkọ rẹ ńkọ́? Kò lè bá ẹ yàn?"

"Ọkọ mi? Ẹni tí ò lè yan ọ̀dúnkún tó jẹrà kúrò láàárín èyí tó dáa? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ yín kàn án fún mi."

Aurèle mú ọ̀kan, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀pá náà tilẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó mú èkejì. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn di afẹ́fẹ́ mú. Ọ̀rọ̀ náà wà létè rẹ̀: jẹ́ kí Hervé kọ́kọ́ wò ó. Gbólóhùn kan péré ni. Ṣùgbọ́n Odile ń wo ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń wo àlùfáà lórí pẹpẹ, àwọn ọkùnrin méjì tó ń mu kọfí nídìí fèrèsé náà sì ti yíjú sí wọn.

"Èyí," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ló ti ń tẹ̀. Ó yá."

"Mo mọ̀ pé ẹ máa mọ̀ ọ́n," Odile ní, ó sì gbé e lọ.

Ní ọjọ́ Sunday, Aurèle àti Colombe wà lára èrò. Ìdá kejì eré ni Odile já rọ́bà gbà láàárín pápá. Ó sáré bọ̀ lápá ọ̀tún bí ìjì, ó gbé ọ̀pá sókè, ó fi gbogbo ara rẹ̀ tì í. Ọ̀pá dún *pàkà*. Kò sí ohun tó gbé ìwúwo rẹ̀ dúró mọ́. Ó fi orí lọ wọnú ògiri pákó tó yí pápá ká.

Èrò kọ́kọ́ hó, nítorí wọn kò tíì mọ̀. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni wọ́n ti gbọ́ ohùn Odile, kò tilẹ̀ ké, ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń béèrè nǹkan tó sọnù: "Ẹsẹ̀ mi dà? Ẹ bá mi na ẹsẹ̀ mi."

Wọ́n gbé e lọ. Àwọn kan tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ wọn, àwọn kan wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Aurèle sọ̀ kalẹ̀ sórí yìnyín pẹ̀lú bàtà lásán, ó ṣa ọ̀pá tó ṣẹ́, ó gbé e sábẹ́ iná. Ojú ibi tó ti ṣẹ́ ní àwọ̀ méjì. Apá kan dúdú, ó ń dán, titun ni. Apá kejì ti di eérú, ó ti ra ara rẹ̀ títí ó fi kúná. Ó ti là tipẹ́. Nínú ọgọ́rin ìgbà yẹn ló ti là, ó ti ń ké sí i lọ́wọ́, kò sì gbọ́.

Ó gbé e tọ Hervé lọ lórí ibùsùn. Hervé wò ó, ó dá a padà.

"Ọ̀pá máa ń ṣẹ́," ó ní. "Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣẹ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ bẹ́ẹ̀."

"O rí i pé ó ti là tẹ́lẹ̀."

"Mo rí i. Kí ni kí n ṣe? Ṣé ẹnu rẹ ló máa gbé Odile dìde rìn?" Ikọ́ gbé Hervé, ó dúró títí ó fi lọ. "Aurèle, èmi náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí wọ́n bá mọ̀ pé mo mọ̀…"

"Mi ò ní dárúkọ rẹ."

"Mi ò ní kí o má dárúkọ mi. Mo ní kí o dákẹ́."

Aurèle dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Oúnjẹ ń tutù níwájú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Colombe gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó jókòó tì í.

"Kì í ṣe làkúrègbé, àbí?"

Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àfi ti Hervé. Colombe kò sunkún, kò bú u. Ó tú aṣọ ìdáná kúrò nídìí, ó ní, "Wọ kóòtù rẹ." Òun ló wa ọkọ̀ fún wákàtí mẹ́rin títí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn ńlá, nítorí ọwọ́ Aurèle kò lè di ìdarí ọkọ̀ mú dáadáa mọ́. Colombe dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Tìrẹ ni èyí," ó wí.

Irin ni wọ́n fi di ẹ̀yìn Odile mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀ kò sí nǹkan kan mọ́. Inú rẹ̀ dùn láti rí ará ilé. Ó ní kí Aurèle bu tíì fún ara rẹ̀ nínú ìgò tó ń mú nǹkan gbóná. Aurèle bu ú sínú ife pépà, ó dì í mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó sọ ti abẹ́rẹ́ dókítà. Ó sọ ti ọgọ́rin ìgbà. Ó sọ ti ọ̀sán ọjọ́ Saturday, bí òun ṣe mú ọ̀pá méjì tí òun ò sì mọ ọ̀kan yàtọ̀.

Odile kò dá a dúró. Nígbà tó parí, ó ń wo òkè àjà.

"Ẹ mọ̀ pé ẹ ò mọ̀," ó ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ sì ní, *èyí*."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Torí kí ni?"

"Ojú ń tì mí."

"Ó ṣe mí bí ẹni pé kí n rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì yín." Odile wá rọra yí ojú sí i, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí ọwọ́ Aurèle. Ife pépà ti tẹ̀ wọlé, tíì gbígbóná ń ṣàn gba àárín ìka rẹ̀, awọ ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n bí ẹran tútù, ó sì jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Bàbá," Odile ní, "tíì ń jó yín."

Aurèle wolẹ̀. Ó gbé ife kalẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀ àwọn méjèèjì jọ ń wo ọwọ́ náà.

"Ẹ lọ," Odile ní níkẹyìn. "Ẹ lọ sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń ka ọ̀rọ̀ yín. Kó má jẹ́ pé èmi nìkan lẹ wá sọ ọ́ fún, kí ẹ lè rí oorun sùn."

Ní ọjọ́ Tuesday, ó dúró láàárín ilé ìtajà, ó sì sọ ọ́ níwájú Ìyáàfin Lacasse àti àwọn tó ń mu kọfí. Hervé wà láàárín wọn. Ó gbọ́ bí Aurèle ṣe sọ pé òun nìkan ló mọ̀, ó tẹjú mọ́ inú ife rẹ̀. Ìyáàfin Lacasse gbé àkàsọ̀ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn páálí náà lọ́kọ̀ọ̀kan kúrò lára ògiri, ó ń kó wọn sínú àpò aṣọ rẹ̀. Aurèle dúró títí ó fi já èyí tó kẹ́yìn, lẹ́yìn náà ó lọ sílé.

Ọkọ Odile wá sílé Aurèle lọ́sẹ̀ yẹn. Kò wọlé, inú òjò dídì tó wà lójúde ló dúró sí. "Ká ní ọ̀dọ́ ni ẹ́," ó ní, "mo mọ ohun tí ǹ bá fi ọwọ́ mi ṣe." Ó padà sínú ọkọ̀ rẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni Aurèle tún lò láyé. Colombe ló ń bá a de bọ́tìnnì, òun ló ń gé ẹran fún un. Kò tún tẹ pápá yìnyín. Òun àti Hervé kò jà, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó pọ̀ mọ́. Bí wọ́n bá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á kíra wọn bí ẹni tó ń sanwó ibodè. Ní oṣù Kẹrin, nígbà tí yìnyín orí odò ń ya, ọkàn Aurèle dáwọ́ dúró níbi tó ti ń to igi ìdáná lẹ́yìnkùlé.

Èèyàn tó wá sin ín kò pọ̀. Bí wọ́n ti ń gbé pósí jáde ni Colombe rí Odile nínú àga onítáyà rẹ̀, ní ìlà ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó lọ bá a.

"O ṣeun tí o wá."

"Mi ò wá dárí jì í o, Mà."

"Mo mọ̀."

"Mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí mo fi wá."

Colombe fọwọ́ kàn án léjìká, ó tẹ̀ lé òkú ọkọ rẹ̀ jáde.

Àtẹ̀gùn mẹ́rin ló wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn. Hervé àti ọkùnrin míì gbé àga Odile sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin kejì ti lọ, Hervé kò tíì fi àga sílẹ̀. Ó la ẹnu.

"Odile, ọ̀rọ̀ kan wà…"

Odile gbójú sókè wò ó, ó ń dúró. Hervé wo ọ̀nà, ó wo bàtà rẹ̀.

"Òtútù mú," ó ní. "Rọra máa lọ."

Odile yí táyà rẹ̀ gba inú omi yìnyín tó ń yọ́, lọ síbi tí ọkọ̀ rẹ̀ wà.